Jíìpù Tí Ọ̀rẹ́ Mi Tà Fún Mi

Kí n tó pinnu láti ra ọkọ̀, ọ̀kadà ti dà mí nù lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ẹ̀ẹ̀kejì ló burú jù. Ọlọ́kadà náà fẹ́ yẹ kòtò kan sílẹ̀, ló bá kó sínú òmíràn, èmi àti báàgì mi sì bá ara wa nínú ẹrẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ funfun ni mo wọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndó, aago méje àárọ̀ la sì máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sùn síbẹ̀. Bí mo ṣe wọ wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ láti orúnkún dé ìbàdí, aboyún kan tó ń rọbí dá igbe dúró, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Àǹtí, kí ló ṣe yín?" Ẹni tó yẹ kí n máa kí kú ìrora ló ń kí mi. Mo rẹ́rìn-ín fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo jókòó, mo sunkún.

Ọkọ mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. A ti ń tu owó jọ láti fi ṣe òrùlé ilé tí à ń kọ́. Ó ní, "Jẹ́ ká fi ra ọkọ̀ fún ẹ ná. Ilé ò ní sá lọ. Ìwọ la ò ní òmíràn rẹ."

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ṣeé gbé dé àdúgbò wa. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá wálẹ̀ jù, òjò ọjọ́ kan péré ti tó láti sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú omi. Jíìpù ńlá pàápàá ò lè ráyè yí padà níbẹ̀, nítorí ẹni yìí ti gbẹ́ kànga síwájú ilé, ẹni yẹn sì ti kan ìsọ̀ sí etí ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ ni jíìpù kékeré, irú èyí tó ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí ara rẹ̀ ò sì ju ti mọ́tò kékeré lọ. Agbára wa ò ká tuntun. Tòkunbọ̀ la lè rà, tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti lò nílé níbí.

Ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tó ń bá a tún bọ́ọ̀sì tó fi ń kó àga ṣe. Ní Ìkọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n sì máa ń fi àkísà nu ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dá ènìyàn lóhùn.

"Irú èwo lẹ fẹ́, Ìyá?" wọ́n bi mí.

Mo ní jíìpù kékeré ni, pé bí mo bá rí aláwọ̀ pupa, inú mi á dùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwọ̀ kì í gbé ènìyàn dé ibi iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì lẹ máa rà. Ìyókù, páànù àti àga ni."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé oríṣi ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló wà níwájú mi. Wọ́n ní èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì lágbára, ó sì máa ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọ̀nà jíjìn. Bí mo bá ń gbé e láti Ìjẹ̀gùn sí Ìgàndó nìkan, kí n lọ díẹ̀, kí n dúró díẹ̀, èéfín ara rẹ̀ ni yóò dí i lọ́fun. Ti ìkejì ni ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n fi tọ́bò sí. Bíńtín ni, ṣùgbọ́n tọ́bò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kí ó lè ṣe iṣẹ́ tó ju ara rẹ̀ lọ, kì í sì í mu epo púpọ̀. Ìkẹta ni ẹ́ńjìnnì lásán, tí kò ní tọ́bò, tó tóbi jùyẹn lọ díẹ̀, tó ń mu epo jù ú lọ díẹ̀, tí mẹkáníìkì ìdí igi sì lè tún ṣe.

Owó epo ti wọ́n gógó nígbà yẹn, ọkàn mi sì ti lọ sọ́dọ̀ tọ́bò. Bàbá rí i lójú mi.

"Tọ́bò ò burú o," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n óìlì tó dáa ló ń jẹ, kò sì gba kí ènìyàn gbàgbé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ò mọ bí ẹni tó lò ó ṣáájú yín ṣe tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti febi pa láti kékeré, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ mọ bó ṣe máa ń rí tó bá dàgbà. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó rọrùn."

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá a. Ní ìdí ọjà ọkọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, a rí ọ̀kan, tòkunbọ̀, aláwọ̀ eérú, ẹ́ńjìnnì lásán. Bàbá ní kí alágbàtà tó ń tà á má tíì fi iná sí i kí àwọn tó dé, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tutù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n fa ọ̀pá ìwọn óìlì yọ, wọ́n fi ìka kan án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n fi ọwọ́ ra ilẹ̀ inú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdímù, wọ́n gbé e padà. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: "Ẹ rà á."

Mo bá alágbàtà náà ṣàdéhùn pé Ọjọ́bọ̀ ni màá padà wá gbé e. Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Ọ̀sẹ̀ kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún mọ́kànlá sì ti kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni mí, òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ ọdún iléyá, ó ti mọ ibi tí màá gbé ẹran tirẹ̀ sí, tó bá sì di Kérésìmesì, àwọn ọmọ mi ò ní jẹun nílé. Èmi ni mo gbẹ̀bí ìbejì rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ìkejì kọ́kọ́ yọ, dókítà ò sì tíì dé. Ó di apá mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ ara mi, ó ń sọ pé, "Má fi mí sílẹ̀ o. Jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀." Mi ò fi í sílẹ̀. Nígbà tí màmá mi kú, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi bá mi ṣe iṣẹ́ mi mọ́ tirẹ̀, kò sì gbà kí n san án padà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọdún yẹn pé ta ni mo lè fi ọmọ mi ṣọ́, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

A jókòó síbi tí a ti ń jẹun. Mo ń ṣàpèjúwe ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà fún un, ẹnu mi ò sì sinmi. Ó ń fi ṣíbí yí ìrẹsì rẹ̀ ká.

"Èyí tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó kọjú sí títì?" ó bi mí.

"Òun gan-an."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Há! Ọ̀rẹ́ mi, omi ti mu ọkọ̀ yẹn. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ẹ̀ rà á, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n ti pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wáyà inú rẹ̀ ló máa jẹrà díẹ̀díẹ̀."

Mo ní Bàbá ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, wọn ò rí nǹkan kan.

"Ṣé àwọn tó ń tà á ò mọ̀ pé mẹkáníìkì á ká a ni?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Mi ò ní jẹ́ kí o fi owó òrùlé ẹ ra wàhálà jàre."

Mo pe alágbàtà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ní mi ò rà á mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé, mi ò sọ. Ojú tì mí láti sọ fún Bàbá pẹ̀lú. Mo kàn ní mo ń ronú sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Ìbejì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun náà ní jíìpù kékeré, aláwọ̀ aró, ẹ́ńjìnnì tọ́bò. Àìmọye ìgbà ló ti fi gbé mi dé Ìkọ̀tún lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní ọkọ òun fẹ́ ra ọkọ̀ tó tóbi tí gbogbo ilé lè wọ̀, pé òun fẹ́ ta èyí. "Mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àjèjì," ó ní. "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rántí."

Mo sọ ohun tí Bàbá sọ nípa tọ́bò fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn ò mọ̀ ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e. Ìwọ náà kọ́ lò ń jókòó nínú rẹ̀? Ṣé o rí i kó dákẹ́ sójú ọ̀nà rí? Epo tí mò ń rà lọ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé o ò rí i?"

Òótọ́ ni. Mo ti rí i. Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ kí Bàbá kàn ṣí i wò fún mi, kí ọkàn ọkọ mi lè balẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò jẹ́ gbàgbé ojú náà. Kì í ṣe ìbínú, ó jọ ojú ẹni tí wọ́n gbá létí níwájú àlejò. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ mú mẹkáníìkì wá yẹ̀ mí wò ni? Ìwọ tí o ti rí ìhòòhò mi?"

Ìtìjú bò mí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an, bí ẹni tó jalè. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, mo kó owó òrùlé wa fún un, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù aláwọ̀ aró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ mi sọ pé, "Tí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ tajà fún ọ̀rẹ́, ó yẹ kí ẹni kẹta wà níbẹ̀." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé ó fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa mú ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọn ò béèrè pé kí n ṣí i. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́," wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Kí n má parọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Òjò rọ̀, omi kún ojú ọ̀nà, mo sì la omi náà kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun mi tó mọ́ kedere. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú orí ire. Àwọn ọmọ mi ń pín ìjókòó mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni tó ń pín ogún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn náà ni Ìyá Ìbejì dì mọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ó pẹ́ lára mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní, "Ṣé kò sí o?" Ó ní, "Ó kàn rẹ̀ mí ni." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kò wá. Ní ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan na fóònù sí mi: ọ̀rẹ́ mi ló wà nínú fọ́tò, òun, ọkọ rẹ̀ àti ìbejì, nínú ẹ̀wù òtútù tó nípọn, níwájú pápákọ̀ òfurufú ìlú òyìnbó. Ó ti jápa. Mo wo ojú àwọn tó yí mi ká, mo sì rí i pé kò ya ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù wa pàápàá mọ̀. Òun ló bá a wá gàrí tó dì lọ.

Mo gbà fún un. Mo sọ fún ara mi pé báyìí ni gbogbo ayé ń ṣe é, pé ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò kì í tú àpò rẹ̀ fáyé wò. Mo fi àdúrà ránṣẹ́ sí i. Ó dáhùn pé, "Má bínú, ọkọ mi ló ní ká má sọ fún ẹnì kankan." Ó dùn mí pé mo jẹ́ ẹnì kankan, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọkọ̀ náà fi hàn mí ohun tó jẹ́. Òwúrọ̀ ni. Ìyàwó ilé tó tẹ̀lé tiwa ń rọbí, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ní kó wọlé kí n kúkú gbé e lọ, ṣebí ibẹ̀ náà ni mò ń lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í lẹ́yìn. A ò tíì dé Ìkọ̀tún tí iná pupa kan fi tàn níwájú mi. Mo wo dígí ẹ̀yìn, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Èéfín aláwọ̀ aró ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sínú agolo, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.

Aboyún náà ké, "Àǹtí, ó ń bọ̀ o!"

Mo sáré bọ́ sẹ́yìn, mo wò ó. Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Mo bọ́ sójú títì, mo ya apá méjèèjì, mo sì dá kẹ̀kẹ́ kan dúró pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Àwọn èrò náà bọ́ọ́lẹ̀ láìjanpata, Ọlọ́run bùkún wọn. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ títí a fi dé Ìgàndó, mò ń sọ fún un pé kó má tíì ti ọmọ jáde, kó máa mí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì lọmọ náà wáyé. Ó ké dáadáa.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n ṣí i, wọ́n fa ọ̀pá ìwọn óìlì yọ. Ìdí rẹ̀ nìkan ni nǹkan lẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ìka méjì fà á wò, ó ń fà yọ́ọ́ bí oyin. Wọ́n nu ọwọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyá," wọ́n ní, "ẹnì kan ti fún ẹ́ńjìnnì yìí ní oògùn oorun. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ óìlì. Wọ́n wá da nǹkan tó ki sí i kí ariwo lè lọ sílẹ̀, kí èéfín má sì tètè hàn. Kì í gbà ju oṣù kan, oṣù méjì. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe."

Mo ní bóyá mẹkáníìkì rẹ̀ ló ṣe é láìsọ fún un. Bàbá ní kí n kó ẹrù mi kúrò nínú ọkọ̀.

Nínú àpótí kékeré iwájú, lábẹ́ ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, mo rí bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́rin. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò ní Baruwa ló fún Ìyá Ìbejì. Kò yé mi tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ yé mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣáájú ọjọ́ tí a jọ jẹ ìrẹsì, tó sọ fún mi pé omi ti mu ọkọ̀ aláwọ̀ eérú.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Baruwa. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ wo bébà náà, ó wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ rà á?" ó bi mí. Mo ní èmi ni. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Màdáámù, ẹ má bínú. A sọ fún Ìyá Ìbejì pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti parí. A ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n má gbé e rìn jìnnà mọ́. Wọ́n ní kò sí ìṣòro, pé àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà ní ẹyọ-ẹyọ làwọn máa tà á fún."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yìí ni wọ́n dúró sí."

Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi gbé àga fún mi.

Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn le. Títí di ìgbà náà, mo ṣì di nǹkan kan mú: pé ó lè jẹ́ òótọ́ pé omi mu ọkọ̀ aláwọ̀ eérú, pé ó kéré tán, kò fẹ́ kí n kó síyẹn. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkùnrin kan gbé ìyàwó rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa fún ìtọ́jú aboyún. Mo rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ojú fèrèsé, jíìpù aláwọ̀ eérú Ẹ̀gbẹ́dá yẹn ni, mo sì jáde lọ bá ọkùnrin náà. Mo ní níbo ló ti rà á. Ó ní ọ̀dọ̀ alágbàtà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ò mu ún rí?"

"Omi kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbé e lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò sí ohun tó ṣe é rí ju táyà tó jò lọ. Kí ló dé, Àǹtí?"

Mo ní kò sí. Mo padà sínú. Kò sí díákónì kankan. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì hun gbogbo rẹ̀ nígbà tí ìrẹsì wà lẹ́nu wa.

Gbólóhùn kan ni mo kọ ránṣẹ́ sí i: "Mo ti dé Baruwa, àwọn tó yẹ ọkọ̀ wò fún ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀." Àmì méjèèjì yí sí àwọ̀ aró, ó ti kà á. Kò dáhùn. Mo ń wo fóònù náà lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Ọ̀sẹ̀ kọjá, oṣù méjì kọjá. Mo ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń tú u tà. Mo sọ gbogbo àrùn ara rẹ̀ fún wọn láìkù síbì kan, wọ́n ní, "Ìyá, a ò tíì bi yín léèrè." Ọkọ mi ò sọ fún mi pé òun ti sọ ọ́ ṣáájú. Ó kàn ń jí kí n tó jí, ó ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé mi dé Ìkọ̀tún, pẹ̀lú àga àti pákó lẹ́yìn wa.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dáhùn, ohùn rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹkún wà nínú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Owó tó kù fún ìrìn-àjò ọmọ kan ò pé. Ìbejì ni wọ́n, ṣé o fẹ́ kí n mú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀? Tí mo bá sọ òtítọ́ fún ẹ, o ò ní rà á. Ẹlòmíràn á ní kí mẹkáníìkì wò ó. Ìwọ nìkan ló lè gbà mí gbọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ padà kí n lè gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ìwọ nìkan ló lè gbà mí gbọ́. Kì í ṣe pé kò rí ẹlòmíràn tà á fún. Ó wo gbogbo àwọn tó mọ̀ láyé, ó sì yàn mí nítorí ohun tó wà láàárín wa. Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní ni pé bó bá wá bá mi, tó ní owó ọmọ kan ò pé, ǹ bá wá nǹkan kan ṣe. Kò ní í tó, ṣùgbọ́n ǹ bá lọ yá sí i. Ó rọrùn fún un láti tàn mí jẹ ju kó tọrọ lọ́wọ́ mi lọ.

Ohùn náà ò sì parí síbẹ̀. Ó nu imú, ó ní òun fẹ́ bọ́ sí ibi iṣẹ́ tó dára ju èyí tí òun wà lọ, pé wọ́n fẹ́ ẹlẹ́rìí kan tó ti bá òun ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Mo ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Wọ́n máa kọ̀wé sí ẹ. Jọ̀ọ́."

Ìwé náà dé lóòótọ́. Wọ́n béèrè pé ọdún mélòó ni mo ti mọ̀ ọ́n, báwo ló ṣe ń ṣe sí aláìsàn, ṣé ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìbéèrè kan sì wà nísàlẹ̀ pé ṣé ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á tì. Mo fi han ọkọ mi. Ó ní, "Ohun tí o bá mọ̀ ni kí o kọ. Má kọ ohun tó ń dùn ẹ́."

Mo kọ ọ́ ní ọjọ́ kẹrin. Mo kọ nípa ìyá ọlọ́mọ kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ títí dókítà fi dé, tí kò gbọ̀n, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Òótọ́ ni; mo wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ìbéèrè ìkẹyìn, mo kọ pé, "Lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n fi àyè gbọọrọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àlàyé. Mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́.

Ó rí iṣẹ́ náà gbà. Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà gígùn fún èmi àti àwọn ọmọ mi, ó ní Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún mi. Kò mẹ́nu ba ọkọ̀. Mi ò dáhùn, n ò sì tíì dá a lóhùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn kan sọ fún mi pé kí n dárí jì í kí ara lè tù mí. Bóyá ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò tíì ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan ti gba ipò rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, ó kéré sí mi dáadáa, ó sì ní ẹ̀rín. Tó bá ra ẹ̀pà, á da díẹ̀ sórí tábìlì mi, á ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síta." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń jẹ ẹ̀pà náà. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ ṣì kù lọ́wọ́ mi, kódà nígbà tí wọ́ọ̀dù bá ṣófo.